Wọ́n Gba Oògùn, Wọ́n Fi Àdá Sílẹ̀

Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ yìí kò tíì pẹ́ tó ohun tí à ń pè ní ìtàn. Ìgbà tí àrùn kòrónà rọlẹ̀ tán, tí àwọn ọmọ padà sí kíláàsì, tí àwa olùkọ́ sì rí i pé àwọn tí ó padà wá kò jọ àwọn tí ó lọ mọ́, ni ó ṣẹlẹ̀. Ilé ìwé girama kan ní Aládé, ní Ìdànrè níbí, ni mo ti ń kọ́ni ní Bàọ́lọ́jì nígbà náà. Màmá Bàọ́ ni àwọn ọmọ ń pè mí. Èmi náà ni alága ẹgbẹ́ olùkọ́ ní ẹ̀ka wa. Mo ti fẹ̀yìn tì báyìí. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ olùkọ́ tí ẹ máa ń bi mí pé kí ni ẹgbẹ́ ṣe fún yín rí, ẹ jẹ́ kí n sọ ọ̀kan fún yín. Kì í ṣe èyí tí a fi ayọ̀ jó wálé. Èyí tí ó ṣì ń bí mi nínú títí di òní ni.

Olùkọ́ ọ̀dọ́ kan wà láàárín wa tí ń jẹ́ Dáre, Ìṣirò ni ó ń kọ́ àwọn ọmọ. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan, ọmọkùnrin kan tí ó ti gbé oògùn olóró mì kí ó tó kúrò nílé dé sí kíláàsì rẹ̀. Dáre ní kí ó jókòó. Ọmọ náà fọ́ ìgò mọ́ ògiri, ó sì fi ya Dáre lápá láti èjìká dé ìgbọ̀nwọ́. Aṣọ ìborùn mi ni a fi di ọgbẹ́ náà, nítorí pé òwú lásán kò sí ní gbogbo ilé ìwé. Ọ̀kadà ni a fi gbé e lọ sí ilé ìwòsàn, ẹnì kan wà lẹ́yìn rẹ̀ tí ó dì í mú.

Ẹ̀ka wa daṣẹ́ sílẹ̀. Ohun tí a béèrè kò ṣòroó lóye. A ní kí wọ́n mọ odi yí ọgbà ká, nítorí pé ọ̀nà oko kókó gba àárín rẹ̀ kọjá, ẹni tó bá wù ú ló ń gba ibẹ̀. A ní kí wọ́n fún wa ní nọ́ọ̀sì kan. A ní kí wọ́n fún wa ní ẹnì kan tí ó kọ́ bí a ṣe ń bá ọmọ tí ọkàn rẹ̀ dàrú sọ̀rọ̀, nítorí pé àwa kò kọ́ ọ. A ní kí wọ́n dín èrò kù nínú kíláàsì, torí pé olùkọ́ tó dúró níwájú kò lè rí ojú ọmọ tó jókòó lẹ́yìn, ká má tíì sọ pé kí ó mọ̀ bí ara rẹ̀ kò bá yá.

Ìjọba dá wa lóhùn. Ẹ ò ní gbà á gbọ́. Wọ́n ní kí a máa yẹ báàgì àwọn ọmọ wò ní gbogbo òwúrọ̀, kí a sì gba oògùn yòówù tí a bá rí níbẹ̀. Ó tán. Kò sí odi, kò sí nọ́ọ̀sì. Báàgì yíyẹ̀ wò ni. Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi kọ àṣẹ náà, orúkọ kan náà tí Gẹ̀ẹ́sì ń pe oògùn olóró ni ó ń pe oògùn ibà. Ẹni tó kọ ọ́ kò sì ronú jìnnà tó bẹ́ẹ̀.

Igbákejì ọ̀gá ilé ìwé wa ni wọ́n fi iṣẹ́ náà lé lọ́wọ́. Ọkùnrin kan tí ó jẹ́ pé bí o bá fún un ní kọ́kọ́rọ́ ilé ìyàgbẹ́, yóò fi ara rẹ̀ jọba níbẹ̀. Inú rẹ̀ dùn. Ó gbé tábìlì sí ẹnu géètì, ó wọ ìbọ̀wọ́, ó ń da ẹrù àwọn ọmọ sílẹ̀ bí aṣọ́bodè.

Ọmọbìnrin kan wà ní kíláàsì mi tí ń jẹ́ Mòjísọ́lá. Ẹni jẹ́jẹ́ ni. Àgbẹ̀ kókó ni bàbá rẹ̀, alàgbà sì ni nínú ìjọ aláṣọ funfun kan. Nígbà tí kòrónà ti ilé ìwé pa ni àìsàn ọpọlọ bá Mòjí. Ó ń gbọ́ ohùn àwọn tí kò sí nínú ilé. Kò sùn mọ́. Ó ní wọ́n ti fi nǹkan sínú omi, kò sì mu omi mọ́ àfi òjò. Wọ́n gbé e lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, wọ́n gbààwẹ̀. Wòlíì wọn ló sì sọ fún bàbá rẹ̀ pé, "Alàgbà, àdúrà ò ní dúró, ṣùgbọ́n ẹ gbé ọmọ yìí lọ sọ́dọ̀ dókítà ní Àkúrẹ́." Ẹ̀yin tí ẹ máa ń fi ẹnu ba àwọn Aládúrà jẹ́, ẹ gbọ́ ìyẹn.

Dókítà fún un ní oògùn oníhóró. Ó ń mú kí oorun kùn ún, ó ń mú kí ọwọ́ rẹ̀ máa gbọ̀n díẹ̀, ó sì sanra sí i, èyí tí kò dùn mọ́ ọmọge nínú. Ṣùgbọ́n àwọn ohùn náà dákẹ́. Ó padà sí ilé ìwé. Bàbá rẹ̀ wá bá mi, ó ní ó gbọ́dọ̀ lo ọ̀kan ní ọ̀sán lẹ́yìn oúnjẹ. Mo mú un lọ bá igbákejì ọ̀gá ní ọ́fíìsì rẹ̀, bàbá náà sọ gbogbo rẹ̀ lójú rẹ̀ pẹ̀lú ìtìjú, ó ń wo ilẹ̀ bí ó ti ń sọ ọ́. Ọkùnrin náà mi orí. Ó ní, "Kò séwu, Bàbá. Ọmọ wa ni."

Ọmọ wa ni! Ọ̀sẹ̀ tí àyẹ̀wò báàgì bẹ̀rẹ̀, ó fa páálí oògùn yọ nínú báàgì Mòjí, ó gbé e sókè lójú gbogbo asẹ́ḿbílì.

"Kí nìyí?"

"Oògùn mi ni, Sà."

"Oògùn kí ni?"

Kí ni kí ọmọ náà sọ lójú gbogbo ilé ìwé? Mo ti ń sáré bọ̀ láti ẹ̀yìn. Mo ní, "Ẹ jọ̀ọ́, Sà, ẹ mọ̀ nípa oògùn yẹn. Bàbá rẹ̀ wá sọ fún yín."

Ó ní, "Màmá, àṣẹ ni àṣẹ. Wọn ò kọ ọ́ síbẹ̀ pé àyàfi ti Mòjísọ́lá." Ó wá gbé páálí náà súnmọ́ ojú, ó ka ohun tí ó wà lára rẹ̀, ó rẹ́rìn-ín, ó ní, "Ẹ̀n-ẹ́n! Ti àwọn tó wà ní ilé wèrè rèé." Ó kọjá lọ sí ilé ìyàgbẹ́, ó sì dà á sínú ihò. Mo tẹ̀lé e débẹ̀, mo pariwo mọ́ ọn títí ohùn mi fi há. Kí ni ariwo máa fà jáde nínú ihò ṣáláńgá?

Kí ọjọ́ náà tó parí, orúkọ ọmọ náà ti yí padà lẹ́nu àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀. Wọ́n ń pè é ní Ilé Wèrè.

Bàbá rẹ̀ lọ sí Àkúrẹ́ ní ọjọ́ kejì láti gba òmíràn. Wọ́n ní oògùn náà ti tán lọ́wọ́ àwọn, kí ó padà wá lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Ó padà lọ. Oògùn kò tíì dé. Ó káàkiri àwọn ilé ìtajà oògùn, ẹni tó ní in kò fẹ́ tà á láìrí dókítà. Bẹ́ẹ̀ ni ọmọ ṣe wà láìlo oògùn, oorun tún fò lójú rẹ̀. Mo ní kí bàbá rẹ̀ jẹ́ kí ó sinmi nílé. Ó ní òun fi í sílẹ̀ nílé lóòótọ́, ṣùgbọ́n bí òun bá ti lọ sí oko, yóò wọ yúnífọ́ọ̀mù rẹ̀, yóò sì wá, nítorí pé ó ní àwọn ohùn tó wà nílé pọ̀ ju ti ilé ìwé lọ.

Mo fẹ́ kí ẹ fara balẹ̀ gbọ́ apá tó kàn, nítorí ibẹ̀ ni orí mi ti máa ń gbóná.

Ọjọ́ Ẹtì ni ọjọ́ tí àwọn ọmọ wa máa ń ro ọgbà. Olúkúlùkù ní láti mú àdá wá láti ilé, ẹni tí kò bá mú àdá wá yóò jẹ ẹgba. Nítorí náà, ní òwúrọ̀ ọjọ́ Ẹtì kan, igbákejì ọ̀gá dúró sídìí tábìlì rẹ̀ pẹ̀lú ìbọ̀wọ́, ó ń tú inú báàgì ọmọ wò fún hóró oògùn, àwọn ọmọ sì ń kọjá níwájú rẹ̀ pẹ̀lú àdá lọ́wọ́, ó ń yin àwọn tí tiwọn mú. Mòjí náà mú àdá tirẹ̀ dání. Báàgì rẹ̀ mọ́. Ọkùnrin náà ní kí ó máa wọlé.

Mo ń kọ̀wé sí pátákó lọ́wọ́, ní kíláàsì mìíràn, nígbà tí mo gbọ́ igbe. Mo jáde. Àwọn ọmọ ń fò gba ojú fèrèsé kíláàsì wa bí ẹyẹ tí wọ́n sọ òkò sí. Ọmọbìnrin kan ti fi ẹsẹ̀ rọ́, ó jókòó sílẹ̀, ó ń ké. Wọ́n ní Mòjí ti dìde láàárín kíláàsì, ó fa àdá yọ, ó sì fi ẹ̀yìn ti ògiri, ó ń ké pé kí wọ́n dẹ́kun láti máa pe orúkọ òun. Kò sá ẹnikẹ́ni. Àdá náà ni ó gbé dání, tí ó fi ń yà wọ́n sọ́tọ̀ kúrò lọ́dọ̀ ara rẹ̀.

Dáre ni mo kọ́kọ́ bá ní ẹnu ọ̀nà, pẹ̀lú àpá tútù lápá rẹ̀. Ó ní, "Ẹ má wọlé, Mà. Ẹ wo apá mi."

Mo ní, "Kó àwọn ọmọ jìnnà. Má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni pariwo." Ó lọ.

Mi ò wọlé tán. Mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ ní ẹnu ọ̀nà, mo na ẹsẹ̀ mi, èmi àgbàlagbà. Ẹni tó jókòó sílẹ̀ kò lè lé èèyàn.

"Mòjí, Màmá Bàọ́ ni."

"Ẹ má wọlé, Mà. Wọ́n wà lẹ́yìn yín."

"Àwọn wo?"

"Àwọn tó gba oògùn mi."

Ẹ sọ fún mi, irọ́ wo ló wà nínú ìyẹn? Èmi tí ara mi dá, mo yíjú wo ẹ̀yìn.

Mo ní, "Ṣé o ti jẹun láti àná?"

"Wọ́n ti fi nǹkan sí i."

"Mo ní búrẹ́dì nínú báàgì mi. Èmi ni mo rà á. Èmi ni n ó kọ́kọ́ jẹ níbẹ̀."

Mo bù ú, mo jẹ ẹ́. Ó ń wo ẹnu mi. Ó ní, "Mà, ṣé àwọn ọmọ ń bẹ̀rù mi?"

Mo ní, "Àdá ni wọ́n ń bẹ̀rù. Gbé e sílẹ̀ ká wò ó bóyá wọ́n á bẹ̀rù rẹ."

Ó wo àdá náà bí ẹni pé ẹlòmíràn ló fi lé e lọ́wọ́. Ó rọra gbé e sórí bẹ́ǹṣì. Ó wá jókòó tì mí, ó gba búrẹ́dì náà. Ọwọ́ rẹ̀ tútù bí omi àmù. Ibẹ̀ ni bàbá rẹ̀, tí wọ́n ti sáré lọ pè ní oko, bá wa, tòun ti ẹrẹ̀ lẹ́sẹ̀. Ó bọ́ ẹ̀wù rẹ̀, ó fi bò ó léjìká, ó sì mú un lọ láàárín ọgbà tí gbogbo ilé ìwé dúró ń wò.

Igbákejì ọ̀gá ti pe ọlọ́pàá. Wọ́n dé nígbà tí ọmọ ti lọ. Kí ilẹ̀ ọjọ́ náà tó ṣú, ó ti kéde pé wọ́n ti lé Mòjísọ́lá kúrò nílé ìwé, àti pé ọmọ yòówù tí ń lo irú oògùn bẹ́ẹ̀ kò gbọdọ̀ wọ géètì mọ́. Àgbà ní orí bíbẹ́ kọ́ ni oògùn orí fífọ́. Tirẹ̀ yìí tayọ orí bíbẹ́. Ó kọ́kọ́ fọ́ orí náà fúnra rẹ̀, kí ó tó ní kí wọ́n bẹ́ ẹ.

Mo pe ìpàdé ẹgbẹ́. Mo rò pé inú gbogbo wa ni yóò máa bàjẹ́ fún ohun kan náà. Mo tan ara mi jẹ. Ìdajì àwọn olùkọ́ ní kí ọmọ náà máa lọ. Ọ̀kan ní, "Màmá, ẹ fẹ́ràn aláìsàn jù wá lọ. Àwa náà ní ọmọ nílé." Òmíràn ní oògùn yẹn gan-an ni ó sọ ọ́ di wèrè. Mo ṣàlàyé pé nígbà tó ń lò ó ni ara rẹ̀ dá. Ó ní, "Ẹ̀n-hẹ́n, ẹ wá rí i pé oògùn ló fà á." Mo wo òun tí ó gboyè jáde ní yunifásítì. Mo jókòó.

Dáre ló dìde. Gbogbo ilé yíjú sí i, nítorí pé òun ni wọ́n fi ìgò ya. Ó ní, "Ẹ má pè mí ní aláàánú. Mi ò fẹ́ kí ọmọ yẹn wà ní kíláàsì mi láìlo oògùn rẹ̀, ẹ̀rù ń bà mí. Nítorí pé ẹ̀rù ń bà mí ni mo ṣe fẹ́ kí ó lo oògùn rẹ̀. Ẹni tó gba oògùn lọ́wọ́ rẹ̀ ló gbé àdá sí mi lọ́rùn, kì í ṣe ọmọ náà." Ó jókòó. Láti ìgbà tí mo ti wà nínú ẹgbẹ́, mi ò gbọ́ ọ̀rọ̀ tó kúrú tó bẹ́ẹ̀ tó sì yanjú. A dìbò. Àwa tí a fẹ́ jà fi díẹ̀ borí.

Bí a ṣe tún daṣẹ́ sílẹ̀ nìyẹn. Àwọn olùkọ́ Òwènà dara pọ̀ mọ́ wa, àwọn kan sì wá láti Ọ̀fọ̀sù lọ́hùn-ún. A kọ ohun tí à ń béèrè sí páálí, a sì lọ jókòó sí iwájú ọ́fíìsì tí ń ṣàkóso wa. Bàbá Mòjí bá wa lọ. Òòrùn pa wá, òjò sì pa wá ní ọjọ́ kan náà. Nígbà tó yá, ọ̀gá ibẹ̀ ní kí èmi àti àwọn díẹ̀ wọlé.

Ó ní, "Màmá, ẹ̀yin lẹ ní ẹ fẹ́ ààbò. A fún yín ní ààbò. Kí lẹ tún wá ń sunkún sí?"

Mo ní, "A ní ẹ fún wa ní nọ́ọ̀sì, Sà. Ẹ fún wa ní ìbọ̀wọ́."

"Ẹ̀yin náà kọ́ lẹ sọ pé àwọn ọmọ ń lo oògùn?"

"Oògùn olóró la sọ, Sà. Èyí tí dókítà kọ fún aláìsàn kọ́."

Ó mí kanlẹ̀. Ó ní, "Ẹ jẹ́ ká sòótọ́ fún ara wa. Ṣé ẹ fẹ́ kí àwọn wèrè máa bá ọmọ yín jókòó ni?"

Bàbá Mòjí wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Èdè Ìdànrè ló fi dáhùn, mo yí i sí èyí tí gbogbo yín yóò gbọ́. Ó ní, "Ọ̀gá, ọmọ mi ń ka ìwé, ó ń ṣe àlejò, ó ń bá mi sá kókó, nígbà tí oògùn wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹ ní kí wọ́n gbà á. Wọ́n gbà á. Ohun tó kù lọ́wọ́ mi lẹ wá ń pè ní wèrè yìí."

Bí ìwé ìtàn ni, ojú ì bá ti ọ̀gá náà. Kò tì í. Fóònù rẹ̀ dún, ó gbé e, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í bá ẹnì kan sọ̀rọ̀ nípa jẹnẹrétọ̀. A dìde.

Kì í ṣe àánú ló ṣí ilẹ̀kùn fún wa níkẹyìn, ẹ fi ìyẹn sọ́kàn. Ìdánwò àṣekágbá ti ń kanlẹ̀kùn. A ní olùkọ́ kankan ní agbègbè wa kò ní bójú tó o. Ìgbà náà ni fóònù mi bẹ̀rẹ̀ sí í dún láti ọ̀dọ̀ àwọn tí kò mọ orúkọ mi tẹ́lẹ̀. Àṣẹ tuntun jáde: oògùn tí dókítà bá kọ fún ọmọ, ilé ìwé ni yóò tọ́jú rẹ̀ fún un, nọ́ọ̀sì ni yóò sì máa fún un. Àdá kò gbọdọ̀ wọ kíláàsì mọ́. Wọ́n fagi lé lílé tí wọ́n lé Mòjí. Nọ́ọ̀sì dé. Odi bẹ̀rẹ̀.

Ẹ wá jẹ́ ká wọ̀n ọ́n. Nọ́ọ̀sì náà ṣe dáadáa, àwọn ọmọ tí a kò mọ̀ pé nǹkan ń ṣe ń lọ bá a fúnra wọn. Lẹ́yìn náà wọ́n gbé e lọ sí ibòmíràn, wọn kò sì fi ẹlòmíràn rọ́pò rẹ̀. Odi náà dé ìdajì, ó dúró, ewúrẹ́ ń gun orí rẹ̀. Igbákejì ọ̀gá kò jìyà kankan. Wọ́n gbé e ga, ó di ọ̀gá pátápátá níbòmíràn. Dáre ti fi iṣẹ́ olùkọ́ sílẹ̀, ó wà lókè òkun, arúgbó ló ń tọ́jú. Mòjí rí oògùn rẹ̀ gbà níkẹyìn, ara rẹ̀ sì balẹ̀, ṣùgbọ́n kò padà sí ọ̀dọ̀ wa. Ó ní òun kò lè jókòó níbi tí wọ́n ti ń pe òun ní Ilé Wèrè. Ẹ̀gbọ́n ìyá rẹ̀ mú un lọ sí Àkúrẹ́, ó parí ìwé rẹ̀ níbẹ̀, ó sì yege. Inú mi dùn títí mo fi bi í bí ó ṣe ń lo oògùn rẹ̀ nílé ìwé tuntun náà. Ó ní, "Nínú ilé ìyàgbẹ́ ni, Mà. N kì í jẹ́ kí ẹnikẹ́ni rí mi."

Ohun tí a jà fún ni pé kí ó má baà máa sá pamọ́. Àṣẹ tuntun wà nílẹ̀, mo mọ ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ lórí, ọmọ sì ń mu oògùn pẹ̀lú omi ẹ̀rọ lẹ́yìn ilẹ̀kùn títì.

Láìpẹ́ yìí, obìnrin kan wá bá mi nílé láti Ọ̀fọ̀sù. Ó ti gbọ́ orúkọ mi. Dókítà ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í fún ọmọ rẹ̀ ọkùnrin ní irú oògùn bẹ́ẹ̀, ó sì fẹ́ mọ ilé ìwé tí òun lè mú un lọ, níbi tí wọn kò ní fi í ṣẹ̀sín, tí àwọn ọmọ yòókù náà yóò sì wà láìséwu. Kò béèrè ju ìyẹn lọ. Mo ka àwọn ilé ìwé tí mo mọ̀ lọ́kàn mi láti Aládé títí dé ọ̀dọ̀ tirẹ̀, mi ò rí ọ̀kan. Ó jókòó, ó ń dúró dè mí. Mo tún bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀.